Àfòpiná Kékeré Tó Ń Gbé Inú Hóró Ẹ̀gúsí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ohun tí a ó yẹ̀ wò lóṣù yìí kò jìnnà sí yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri yàrá yín dáadáa, pàápàá níbi tí ó bá tutù. Ẹ lè rí ohun pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú kan tó dà bí hóró ẹ̀gúsí, tí ẹnu rẹ̀ là ní ìkangun méjèèjì. Ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ ó rí i tó ń rìn.

Ilé ọmọ àfòpiná ni. Phereoeca ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Uterella àti allutella, tí wọ́n jọra gan-an, wà lára ẹ̀yà rẹ̀. Ìdin inú rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ mẹ́fà iwájú ló sì fi ń wọ́ ilé náà kiri. Annette Aiello, tó ṣe ìwádìí lórí allutella ní Panama tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, ṣàlàyé pé kí ìdin yìí tó jẹun rárá, ilé ló kọ́kọ́ ń kọ́. Yóò ta òwú láti ẹnu, yóò fi iyanrìn àti irun lẹ̀ ẹ́ lára, yóò tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Lẹ́yìn náà ni yóò dí abẹ́ rẹ̀. Àárín ilé fẹ̀ kí ó lè rí àyè yí padà, kí ó sì gba ẹnu kejì jáde.

Inú ibẹ̀ náà ló ti ń para dà di àfòpiná. Ìyẹ́ abo, bí a bá nà án, kò ju mìlímítà 10 sí 13 lọ. Ti akọ kéré sí i. Àwọ̀ eérú ni, àmì dúdú bíi mẹ́rin wà lára ìyẹ́ iwájú, irun rẹ̀ ṣe wúruwùru lórí. Bí ó bá bà, a ká ìyẹ́ bí òrùlé.

Àgbà yìí kì í jẹun o! Ìdin ló ń jẹun: ilé aláǹtakùn tó ti gbó, irun orí, àti aṣọ onírun àgùntàn. Kò wá ti òwú wá, nítorí náà ẹ má ṣe bẹ̀rù fún ánkárá yín. Ẹní ìkírun onírun àgùntàn tí a ká sí kọ̀rọ̀ ni kí a máa gbọ̀n. Abo kan lè yé ẹyin 200, nítorí náà kí ẹ gbá ilé aláǹtakùn kúrò lẹ́yìn àpótí àti lábẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì ṣa àwọn hóró náà lára ògiri.