Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Lára Àwọn Ọmọ Òrukàn Wa: Ìgò Òògùn Kan Kò Tó

 

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí àìsàn kan tí a ń rí lára àwọn ọmọ tí ẹ ń bá wa tọ́jú, tí a kò sì tètè mọ̀ pé àìsàn ni. Ọmọbìnrin kan wà lára wọn, ọmọ ọdún 11. Tí ó bá dé ilé-kéú, oorun ni. Tí wọ́n bá rán an lómi, yóò dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó délé. Wọ́n nà án, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Àwa náà bá a wí. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ opó, ló wá sọ fún wa pé òun ń ká ẹfun àti amọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, pé ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, abẹ́ rẹ̀ funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà sì funfun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Ti ọmọ irú ọjọ́ orí rẹ̀ kò yẹ kó dín ní 34.

Ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àìtó irin nínú ara. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, òun náà ni Ọlọ́hun fi díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe Sūratul-Hadīd, sūrah kẹtàdínlọ́gọ́ta, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ fún wa pé àǹfààní wà nínú irin fún ènìyàn. Gbogbo èyí tó wà nínú ara àgbàlagbà kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 lọ, ìwọ̀n ìṣó kan péré. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Tí kò bá tó, ó máa ń rẹ ènìyàn, ojú á máa ṣú u, àyà á máa lù kìkìkì, ọmọ kò sì ní lè gba ẹ̀kọ́ sórí.

Àwọn tó sábà máa ń mú ni ọmọ tí wọ́n fi ògì lásán já lẹ́nu ọmú, aláboyún, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá púpọ̀, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà, àti ẹni tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìwé orúkọ tiwa, àwọn gan-an ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Níbí ni a ó ti sọ ẹ̀bi tiwa. Ohun tí a máa ń pín fún àwọn opó nínú oṣù Ràmàdáànì ni ìrẹsì, gàrí, ṣúgà, mílíìkì àti páálí tíì. Kò sí èyí tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀. Tíì àti mílíìkì tí ènìyàn bá mu mọ́ oúnjẹ kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ náà dáadáa.

Ẹ̀bi kejì: ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ni a rà fún ọmọ yẹn. Lẹ́yìn oṣù kan PCV rẹ̀ di 29, ojú rẹ̀ ń dán, a dúpẹ́, a pa fáìlì rẹ̀ dé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ó ti padà sí 25. Dókítà bi wá ní ìbéèrè méjì: ta ló ní kí ẹ dáwọ́ òògùn dúró, ṣé ẹ sì ti yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò? A kò yẹ̀ ẹ́ wò. Aràn kan wà tó máa ń gba ẹsẹ̀ ọmọ tí kì í wọ bàtà wọlé, yóò lọ so mọ́ ìfun, yóò máa mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ ajádìí ni a ń da omi sí. Hóró albendazole kan, mílígíráàmù 400, ni wọ́n fi lé e, lẹ́yìn náà ni a ra bàtà fún un.

Ìdí tí ìgò kan kò fi tó nìyí. Òògùn irin kọ́kọ́ ń dá ẹ̀jẹ̀ tó sọnù padà, lẹ́yìn náà ló tó ń kún àká tí ara ń tọ́jú irin sí nínú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn egungun. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró nígbà tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ dán, àká rẹ̀ ṣì ṣófo. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń ní kí á tún lò ó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé.

Hóró ferrous sulphate tó jẹ́ mílígíráàmù 200 kò wọ́n bí àwọn ìgò olówó ńlá, irin gidi inú rẹ̀ sì tó mílígíráàmù 65. Ẹyọ kan lóòjọ́, tàbí kí á máa fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín, ti tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà yóò fi ṣírò rẹ̀. Omi tàbí ọsàn ni kí ẹ fi lò ó, kí tíì, kọfí àti mílíìkì jìnnà sí i. Ó lè ki ènìyàn nígbẹ̀ẹ́, ìgbẹ́ á sì dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Nínú Ràmàdáànì, ẹni tí dókítà bá gbà láyè kó gbààwẹ̀ lè lò ó lẹ́yìn ìṣínu. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó o: ọmọ kékeré tó bá gbé púpọ̀ mì lè kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ọmọ tó jẹ́ SS ní òògùn irin láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára máa ń kó irin jọ sí i lára. Ibà náà ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Ní ti mọ́ọ̀tì tí a ń pò mọ́ mílíìkì, àwọn ìyá wa á bínú sí wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kí á wá, kí ata, tòmátì tàbí ọsàn tẹ̀ lé wọn, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí ara gba irin dáadáa. Tí ẹ bá sì ń pín ti tálákà nínú ẹran Iléyá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ egungun àti pọ̀nmọ́ nìkan.

Àwọn kan bi wá bóyá zàká ṣeé fi san owó àyẹ̀wò àti òògùn. Tálákà àti aláìní ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ kà nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tó wà nínú Sūratut-Taobah. Ọmọ òrukàn tó jẹ́ tálákà wọ ibẹ̀; èyí tí bàbá rẹ̀ fi ogún tó pọ̀ sílẹ̀ fún kò wọ ibẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ òrukàn nìkan. Àwọn àlùfáà wa gbà wá nímọ̀ràn pé kí owó náà kọ́kọ́ dé ọwọ́ alágbàtọ́ ọmọ, kí ó di tirẹ̀, kí á tó bá a san án. Bàtà àti oúnjẹ, owó sàdákà ni a ó fi rà wọ́n.

Ọmọbìnrin náà ti lo òògùn rẹ̀ pé, PCV rẹ̀ ti di 36. Nínú ẹ̀bùn Ràmàdáànì tó ń bọ̀, a ti yọ tíì kúrò, a fi ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù yóò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìgbẹ́ kí àwẹ̀ tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ti ọmọ kan ṣe, kí ó rí akápò, kí ó sì san ti oṣù mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.