Orí tòmátì, gbòǹgbò igbá

Tòmátì mi ti ń so nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, mo rí i pé ọ̀kan ti sorí kodò. Mo ní oòrùn ni, mo bomi rin ín. Ní ọjọ́ kẹta ó ti rọ pátápátá, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò pọ́n rárá. Làwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ gé igi rẹ̀ nídìí, kí ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́. Ẹ má mì í o. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí nǹkan funfun bí omi ògì bá ń já wálẹ̀ bí òwú, bakitéríà Ralstonia solanacearum nìyẹn. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á wá dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Abájọ tí gbogbo omi tí mò ń bù sí i kò fi ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, ṣé a ò lè pààrọ̀ gbòǹgbò ni? A lè ṣe é. Ẹni tó bá ti ka ìwé Róòmù orí 11 mọ ọ̀rọ̀ náà: lílọ́. Ìdílé kan náà ni tòmátì àti igbá, nítorí náà wọ́n máa ń gba ara wọn. Ní Taiwan, World Vegetable Center dábàá igbá EG195 àti EG203, tí àrùn yìí kì í tètè mú, tí omi tó dúró sí ìdí wọn kì í sì í tètè pa.

Ẹ gbin igbá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú tòmátì, nínú iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá ti yọ ewé méjì sí mẹ́ta, ẹ fi abẹ tó mọ́ gé méjèèjì ní ìdagun, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so orí tòmátì mọ́ ìdí igbá. Ibi tó ṣókùnkùn, tó lọ́rinrin, ni kí wọ́n kọ́kọ́ wà. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa fi ìmọ́lẹ̀ hàn wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ibi táwa àgbẹ̀ ti máa bà á jẹ́ rèé: a fẹ́ràn ká rì tòmátì wọlẹ̀ dáadáa kí igi rẹ̀ lè ta gbòngbò. Ẹ má dán an wò níbí! Bí ojú ibi tí ẹ lọ́ bá kan ilẹ̀, tòmátì á ta gbòǹgbò tirẹ̀, àrùn á sì wọlé. Ẹ fi igi gbé e ró, kí ẹ sì máa já ẹ̀ka tí igbá bá yọ.

Àrùn inú ilẹ̀ nìkan ni mò ń sọ o. Tuta absoluta tó ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná lọ́dún 2016, ewé àti èso ló ń jẹ. Kò kan gbòǹgbò igbá.

Èmi ti gbin igbá temi sínú ike lọ́jọ́ Ajé. Ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó gbin tòmátì.