Stefan Dušan: Ọba Tó Fi Òfin De Ara Rẹ̀

Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ Sẹ́bíà ni ìtàn gbé mi lọ, ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù.

Inú wàhálà ni Stefan Dušan dàgbà sí. Bàbá rẹ̀, Stefan Dečanski, ṣọ̀tẹ̀ sí bàbá tirẹ̀, Ọba Milutin. Milutin ní kí wọ́n fọ́ ọ lójú (ojú náà ò fọ́ tán), ó sì lé e lọ sí Constantinople tòun tọmọ. Wọ́n padà wálé, Dečanski sì jọba. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1331, Dušan náà gbàjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tì í mọ́ odi Zvečan. Ibẹ̀ ni bàbá kú sí lọ́dún yẹn. Wọ́n máa ń pe Dušan ní Alágbára, àmọ́ èmi ò lè gbójú fo ọ̀rọ̀ bàbá yìí o.

Lẹ́yìn náà, ogun lótùn-ún, ogun lósì. Àwọn ará Byzantium ń bá ara wọn jà, òun ń gba ilẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ Àjíǹde, 16 oṣù kẹrin, 1346, wọ́n dé e ládé ọba àwọn ọba ní Skopje.

Ìwé òfin rẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ọdún 1349 ló gbé e jáde, ó fi kún un lọ́dún 1354. Kò rọrùn rárá: wọ́n ń gé ọwọ́, wọ́n ń gé imú, ìyà ọlọ́lá àti ti mẹ̀kúnnù ò sì dọ́gba. Síbẹ̀, ó ní ẹrú ilẹ̀ lè pe olówó rẹ̀ lẹ́jọ́, kódà ó lè pe ọba fúnra rẹ̀. Ó tún ní bí ọba bá fi ìbínú tàbí ojúsàájú kọ lẹ́tà tó lòdì sófin, kí adájọ́ má ka lẹ́tà náà sí. Ẹ gbọ́ ná! Àwa tí a ń kí ọba ní Kábíyèsí, ẹ̀yin ẹ wo ọba tó ní kí wọ́n bi òun. Ṣé ohun tó ṣe fún bàbá rẹ̀ ló ń dà á láàmú ni? Ìwé òfin ò sọ.

Ó kú ní 20 oṣù kejìlá, 1355. Uroš ọmọ rẹ̀ ò lè kó àwọn ìjòyè níjàánu, oníkálukú pín ilẹ̀ mú. Lọ́dún 1371, àwọn Ottoman ṣẹ́gun àwọn ìjòyè Sẹ́bíà létí odò Maritsa. Uroš kú lọ́dún kan náà, kò bímọ. Egungun Dušan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Máàkù Mímọ́ ní Belgrade títí dòní.