Ohun Tí A Gbàgbọ́ àti Ohun Tí A Gbọ́dọ̀ Dán Wò

Ẹ̀kọ́ fún oṣù yìí, fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ohun tuntun kan tí ó ti wọ ilé wa àti ilé ẹ̀kọ́ wa, ní Akúrẹ́ àti ní Oǹdó: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí a lè bi ní ìbéèrè, tí yóò sì dáni lóhùn bí ènìyàn, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní AI. Ní Akúrẹ́, níbi tí Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà láti ọdún 1981, àti ní Oǹdó, ìlú tí Ondo Boys' High School ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún 1919, àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń fi í kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé. Àwọn kan ń fi í ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wọn. Àwọn mìíràn pàápàá ń bi í léèrè nípa ọ̀nà Ọlọ́run.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: irú ìgbẹ́kẹ̀lé wo ni ó tọ́ kí a ní nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à jẹ́ ti ẹni tí ó dúró lókèèrè, a ó mú àgbà kan nínú iṣẹ́ náà ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tó dé ayé, tí ó sì jẹ́ Kristẹni.

1. Ta ni àgbà náà, báwo sì ni ó ti ń ṣiṣẹ́?

Donald Knuth ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Milwaukee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí i sí, ní oṣù kìíní ọdún 1938. Ọmọ ìjọ Luther ni. Ní ọdún 1962 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Apá kìíní jáde ní 1968. Èyí tí a pè ní 4B jáde ní 2022, iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Ní 1974 a fún un ní ẹ̀bùn Turing, tí í ṣe ọlá tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó rí i ní 1977 pé ọ̀nà ìtẹ̀wé tuntun ń ba ẹwà ìwé rẹ̀ jẹ́, ó fi ìwé kíkọ sílẹ̀ fún ìgbà kan, ó sì ṣe ètò tí ń jẹ́ TeX, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò káàkiri ayé fi ń to ìwé wọn títí di òní.

Ẹ kíyè sí àṣà mẹ́ta nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èkíní, kì í kánjú lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Pẹ́ńsù àti bébà ni ó kọ́kọ́ ń mú. Ètò TeX àkọ́kọ́ pàápàá, ọwọ́ ni ó fi kọ ọ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Èkejì, ó gbà pé ènìyàn ni a ń kọ ètò fún, kí ó tó kan ẹ̀rọ. Ní 1984 ó kọ́ni pé kí a máa kọ ètò kọ̀ǹpútà bí a ti í kọ àròkọ, kí ẹni tí yóò kà á lè mọ ìdí tí a fi ṣe ohun kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta, kì í fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́. Ó ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe tí a rí nínú TeX, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989 kí gbogbo ayé lè kà á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀, dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 56 ni ó ń fi ta á lọ́rẹ. Títí di ọdún 2008, sọ̀wédowó gidi ni. Nígbà tí àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí jí nọ́ńbà àkáǹtì láti ara irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó fi ìwé ẹ̀rí rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á kò ná an rárá. Ara ògiri ni wọ́n gbé e kọ́ sí, bí ẹni gba oyè.

2. Báwo ni ó ti ń gbàgbọ́?

Ẹlòmíràn lè rò pé ẹni tí ń wá àṣìṣe kiri bẹ́ẹ̀ kò ní lè gba ohunkóhun gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Knuth mú orí kẹta, ẹsẹ̀ kẹrìndínlógún, nínú gbogbo ìwé Bíbélì tí ó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. 59 ni wọ́n. Ó ka ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ ti kọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún wọn túmọ̀, a sì bẹ àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ ní lẹ́tà kíkọ káàkiri ayé láti fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ọnà. Ìwé náà jáde ní 1991. Ọ̀nà tí ó gbà kò yàtọ̀ sí ti àwọn olùyẹ̀wò kòkó nílẹ̀ wa: wọn kì í tú gbogbo àpò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu olówò, wọ́n a mú hóró díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n a sì là á wò. Ní ọdún 1999, nílé ẹ̀kọ́ gíga MIT, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba nígbà mẹ́fà lórí Ọlọ́run àti kọ̀ǹpútà. A fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwé ní 2001. Kò fi ìṣirò gbìyànjú láti jẹ́rìí fún Ọlọ́run. Ohun tí ìṣirò lè yanjú, ó fi ìṣirò yanjú rẹ̀. Ohun tí ó ju ìṣirò lọ, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ dúró níwájú rẹ̀.

Níhìn-ín ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà. Ìgbàgbọ́ àti ìdánwò kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yẹ kí ó wà, òun ni yóò lè dán gbogbo ohun yòókù wò láìbẹ̀rù.

3. Kí ni ó rí lára ẹ̀rọ tí ń dáni lóhùn?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Knuth kọ ogún ìbéèrè sílẹ̀, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi ChatGPT. Ó yà á lẹ́nu bí èdè ẹ̀rọ náà ti dán tó. Ṣùgbọ́n nínú èdè dídán náà ni irọ́ wà. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà ni ìgbà tí oòrùn yóò dúró ganran lókè orí ní ilẹ̀ Japan ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Àwa tí ń gbé Akúrẹ́ àti Oǹdó mọ irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń dé orí wa lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù ńlá ilẹ̀ Japan jìnnà sí ìhà àríwá jù. Oòrùn kì í dúró ganran lókè wọn láéláé. Ẹ̀rọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀; ó dáhùn bí ẹni pé irú wákàtí náà wà. Lẹ́yìn èyí àgbà náà sọ pé òun yóò fi irú ìwádìí yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí òun lè lo àkókò òun fún ohun tí ó jẹ́ ojúlówó tí ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní òpin oṣù kejì ọdún 2026, Knuth, ẹni ọdún 88, kọ ìwé kúkúrú kan. Ó ní ìṣòro ìṣirò kan tí òun ti ń bá jìjàkadì láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ mìíràn tí a ń pè ní Claude ti rí ọ̀nà àbáyọ rẹ̀, fún àwọn iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ó jẹ́wọ́ pẹ̀lú ayọ̀ pé ó di dandan kí òun tún èrò òun rò nípa irú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ṣe: kò gba ọ̀nà náà gbọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ni ó sọ ọ́. Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí ìdí tí ó fi jẹ́ òtítọ́. Ní 2023 kò gbàgbọ́ láìdánwò. Ní 2026 kò kọ̀ láìdánwò. Èyí ni àgbà.

4. Kí ni èyí kàn wá sí?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ṣókí bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. A ti fi ìwé tí ó pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè kà láyé rẹ̀ kọ́ ọ, láti inú rẹ̀ ni ó sì ti mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá bi í léèrè, yóò máa yan ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ títí ìdáhùn yóò fi pé. Kí ọ̀rọ̀ bá ara mu ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ jẹ́ òtítọ́ jẹ́ ohun mìíràn. Nítorí náà, ohùn kan náà ni ó fi ń sọ òtítọ́ tí ó sì fi ń sọ irọ́. Ojú kì í tì í, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í kólòlò.

Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní agbègbè Oǹdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà bá wọn ṣe ètò tí yóò máa ṣírò èlé owó olúkúlùkù. Ẹ̀rọ ni ó bá a kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mélòó kan; òun kò kà á já. Ètò náà ń ṣiṣẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń gé kọ́bọ̀ díẹ̀ kúrò lára owó ẹni tí ó bá san owó lẹ́yìn ọjọ́ tí a dá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ náà, nígbà tí opó kan bá mú ìwé owó rẹ̀ wá, ta ni yóò dá a lóhùn? Ẹ̀rọ kò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀, kò lè tọrọ àforíjì, kò sì lè san gbèsè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè wa. Ìwé Yorùbá tí ẹ̀rọ rí kà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àmì ohùn. Láìsí àmì, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ọmọ ogun di ọ̀kan náà. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther tẹ Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850, odidi Bíbélì Yorùbá kò sì parí títí di 1884. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ń ṣọ́, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, kí ó tó yan èyí tí yóò kọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á ní ọjọ́ kan láti inú ẹ̀rọ, kí ó rántí iye ọdún tí ó gba àwọn tí ó ṣe é.

5. Ìkìlọ̀ kan nípa fífi ẹ̀rọ ṣe aríran

Ní ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Lóńgé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìbátan tí ó wà láàárín méjèèjì nínú ìṣirò hàn gbangba. Àmì mẹ́jọ ni a fi ń tẹ odù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ẹyọ tàbí méjì; èyí ni ó bí odù 256. Irú àmì mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, 256 náà sì ni iye rẹ̀. Sẹ́ǹtì 256 ni Knuth pàápàá fi ń ta àwọn tí ó rí àṣìṣe rẹ̀ lọ́rẹ, nítorí iye kan náà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí ìbátan iye sọ ẹ̀rọ di ibi tí a ó ti lọ ṣe ìbéèrè nípa ọ̀la wa, ìgbéyàwó wa tàbí àìsàn ọmọ wa. Àwọn tí kò tẹ̀lé Ifá pàápàá mọ̀ pé babaláwo a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, àwọn àgbà a sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ó bá ṣì í wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà. Lórí tábìlì ọmọ tí ó dá nìkan jókòó lóru, ta ni ó ń tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni, bí a bá ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

A kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ẹ̀rọ yìí. Ọmọ tí kò ní olùkọ́ nítòsí lè bi í ní ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́wàá, kì yóò sì bínú. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n kí a pa ìlànà mẹ́rin yìí mọ́. Kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú kí ó tó bi ẹ̀rọ. Kí ó má ṣe fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Kí ó máa yin ẹni tí ó bá bá a rí àṣìṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dọ́là láti fún un. Kí olùkọ́ àti òǹkàwé nínú ìjọ ṣí Bíbélì fúnra rẹ̀ wo gbogbo ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ bá kà fún un, nítorí ẹ̀rọ a máa kà èyí tí kò sí níbẹ̀.

Nínú Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, a yin àwọn ará Bèríà nítorí pé wọ́n ń wá inú ìwé lójoojúmọ́ láti mọ̀ bí ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ bá rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá lè dán ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì wò tí a kò sì ka èyí sí àìgbàgbọ́, mélòómélòó ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(1) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbàgbọ́ àti àìyẹ ọ̀rọ̀ wò?
(2) Èéṣe tí Knuth fi ń fún ẹni tí ó bá rí àṣìṣe rẹ̀ ní ẹ̀bùn? Báwo ni àwa ti ń ṣe sí ẹni tí ó bá rí tiwa?
(3) Nínú àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ta ni ó jẹ opó náà ní gbèsè, kí sì ni ó yẹ kí ó ti ṣe?
(4) Kí olúkúlùkù mú ìdáhùn kan tí ẹ̀rọ fún un ní oṣù yìí wá, kí a jọ là á wò.