Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: ṢÉ BÍ A BÁ TÚ ÌBÍNÚ JÁDE NI YÓÒ TÁN?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù èyíkéyìí.

Ìyá kan ṣe onídùúró fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó yá owó. Ẹni náà kò san án. Ẹgbẹ́ bá yọ gbèsè náà nínú owó tí ìyá yìí ń kó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìpàdé, inú rẹ̀ ń ru. Àwọn kan ní, "Ẹ má gbé e mì o, Mọ̀ọ́mì. Ẹ pariwo, kí ara yín lè fúyẹ́." Ṣé ìmọ̀ràn rere nìyẹn?

Èrò yìí ti pẹ́. Ní 1895, àwọn oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Austria, Josef Breuer àti Sigmund Freud, kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀dùn tí a sé mọ́ inú lè di àìsàn, àti pé títú u jáde a máa mú ìtura wá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ìbínú wé omi tí ń hó nínú ìkòkò tí a dé pa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Brad Bushman, olùkọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n bẹnu àtẹ́ lu àròkọ 600 akẹ́kọ̀ọ́ kí inú lè bí wọn. Apá kan ń lu àpò tí àwọn akànṣẹ́ máa ń lù, wọ́n sì ń ro ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n. Apá kejì ń lù ú, ṣùgbọ́n eré ìdárayá ni wọ́n ń rò. Apá kẹta jókòó jẹ́ẹ́. Apá kìn-ín-ní ni inú bí jù lọ. Àwọn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ni kò fẹ́ ìjà tó àwọn yòókù. Ní 2024, òun àti Sophie Kjærvik gbé ìwádìí 154 yẹ̀ wò pọ̀. Ohun tí ń mú ara rọlẹ̀, bíi mímí kanlẹ̀, ni ó ń dín ìbínú kù. Eré sísá pàápàá kò dín in kù.

Nítorí náà, iná ni ìbínú, kì í ṣe omi inú ìkòkò. Ẹni tí ń pariwo ń koná mọ́ ọn ni.

Ṣé kí ìyá yìí wá dákẹ́ ni? Rárá o. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Bí ó bá dákẹ́, owó rẹ̀ lè gbé. Ohun tí ó yẹ nìyí:

1. Kí ó jókòó, kí ó mí kanlẹ̀, kí ara rẹ̀ rọlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

2. Kí ó sọ iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Kí ó má bú ẹnikẹ́ni.

3. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́: kí ìgbìmọ̀ pe ajigbèsè náà, kí a sì kọ àdéhùn bí yóò ṣe dá owó padà sílẹ̀.

4. Kí alága gbọ́ ọ tán. Kí ó má fi "ẹ ṣe sùúrù" pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ni ọmọ ẹgbẹ́ tí inú ń bí lè lọ bá kí ọjọ́ ìpàdé tó pé?