Láti Etí Dé Ojú Ìwé: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Ní Kíka Yorùbá

Ní kíláàsì kìíní kan tí mo wọ̀, ọmọkùnrin kan dìde, ó gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó sì ka ojú ìwé méjì láìkọsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sún mọ́ ọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán inú ìwé náà, mo wá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà kẹta. Mo ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Ọmọ náà wò mí, ó padà sí ìlà àkọ́kọ́, ó tún ń kà á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń kọrin, kó lè bá orin náà dé ibi tí ìka mi wà. Ó ti há ìwé náà sórí. Kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe ṣe é: olùkọ́ á dá, àwọn ọmọ á gbè. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí yàtọ̀. Ọmọ tó dàgbà nílé Yorùbá ti gbọ́ èdè náà yó kó tó wọ ilé-ìwé. Ó ń fi gbọ́ àlọ́, ó ń fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó ń fi bẹ ìyá rẹ̀ fún àkàrà. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni pé ká fi hàn án bí ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ ṣe ń jókòó sórí ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ kíláàsì kìíní, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ nílé, ẹ jẹ́ ká tò ó ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Pátákó ìkọ̀wé àti ṣọ́ọ̀kì. Páálí tí ẹ gé wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Abọ́ iyanrìn kan. Tí ẹ bá rí gángan kékeré, ẹ mú un dání. Tí kò bá sí, ohùn ẹnu yín tó. Ẹ ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lójoojúmọ́. Ó sàn ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́ etí wọn

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má kọ ohunkóhun sójú pátákó. Ẹ pe ọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan. I-lé: ẹ̀ẹ̀mejì. A-dì-ẹ: ẹ̀ẹ̀mẹta. A-lá-ǹ-gbá: ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa fo ǹ tó wà láàárín aláǹgbá. Ẹ dúró tì wọ́n níbẹ̀, nítorí sílébù ni, ó ní ohùn tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kùn ohùn ọ̀rọ̀ náà láìla ẹnu: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ẹ lo ẹ̀yà ara. Orí, ojú, imú, etí, apá: re-mí ni gbogbo wọn. Ẹnu àti irun: re-re. Ẹsẹ̀ àti ikùn: re-dò. Ẹ kùn ún, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀yà ara tó bá ohùn náà mu. Tí ẹ bá kùn re-dò, tí ọmọ kan fọwọ́ kan ẹsẹ̀, tí òmíràn fọwọ́ kan ikùn, àwọn méjèèjì ló gbà á. Ohun tí gángan ń ṣe náà nìyẹn: kì í pe b, kì í pe k, ohùn ló ń gbé jáde, etí wa sì ń mọ ohun tó ń wí. Ọmọ tó bá ti ṣe eré yìí dáadáa kò ní bẹ̀rù àmì ohùn nígbà tó bá rí i lórí ìwé.

Ìgbésẹ̀ 2: Fáwẹ̀lì méje ló ṣáájú

Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá: fáwẹ̀lì 7, kọ́ńsónáǹtì 18. Ẹ má kọ́ wọn bí wọ́n ṣe tò láti a dé y. Ẹ fi fáwẹ̀lì ṣáájú: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Orúkọ fáwẹ̀lì ni ìró rẹ̀, ó sì lè dá dúró bíi sílébù. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá mọ a, ó ti lè tọ́ka sí ìbẹ̀rẹ̀ ata, adé àti apá.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni e àti ẹ, o àti ọ. Ẹ kọ owó àti ọwọ́ sójú pátákó. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, re-mí. Àmì ìsàlẹ̀ nìkan ló yà wọ́n. Ẹ mú owó kan dání, kẹ́ ẹ sọ pé, "Owó wà lọ́wọ́ mi," kí ọmọ wá tọ́ka sí èyí tó jẹ́ owó àti èyí tó jẹ́ ọwọ́. Ẹ tún fi ètè àti ẹ̀tẹ̀ hàn wọ́n: gbogbo wa la ní ètè, àìsàn la sì ń pè ní ẹ̀tẹ̀. Ẹ má gbà kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ tán kó tó padà wá wá ibi tí yóò fi àmì sí. Bó ṣe ń kọ lẹ́tà náà ni kó máa fi àmì rẹ̀ sí i, nítorí ara lẹ́tà náà ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Kọ́ńsónáǹtì díẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀

Ẹ mú márùn-ún péré: b, l, t, k, d. Ẹ jẹ́ kí b àti d jìnnà síra, kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn, nítorí ọmọ máa ń fi ọ̀kan pe èkejì.

Nínú orin a-b-d, "bí" là ń pe b, "tí" là ń pe t. Orin náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi í kàwé á pe bàtà ní "bí-a-tí-a", kò sì ní gbọ́ bàtà nínú ohun tó pè. Ẹ má dá kọ́ńsónáǹtì kọ́ wọn rárá. Ẹ so ó mọ́ fáwẹ̀lì lójú ẹsẹ̀: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kọ́ńsónáǹtì márùn-ún pẹ̀lú fáwẹ̀lì méje á fún yín ní páálí sílébù 35. Ẹ fi páálí fáwẹ̀lì méje kún un, kí àwọn ọmọ máa tò wọ́n: i àti lé, ó di ilé, ọ àti dẹ, ó di ọdẹ, bà àti tà, ó di bàtà. Òkè, odò, ìlú, ata, ọbẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀.

Láàárín oṣù kejì, wọ́n ti lè ka gbólóhùn: "Bọ́lá lá ọbẹ̀ ata. Dèlé kí Kọ́lá. Adé dé òkè odò." Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí ẹ kò tíì kọ́ wọn. Ẹ di òfin yìí mú: ẹ má ní kí ọmọ dá ka ọ̀rọ̀ tí ó ní lẹ́tà tí kò mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìméfò àti àkọ́sórí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Àmì ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀

Àwọn kan gbà pé àmì ohùn le fún ọmọdé, pé kó dàgbà ná. Ẹ kọ g-b-a mọ́ i láìfi àmì sí i, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni. Àbí igba tó tẹ̀lé mọ́kàndínnígba? Àbí igbá tí a fi ń mumi? Àbí ìgbà òjò? Àbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Àgbàlagbà á fi òye yọ ọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kò tíì ní òye yẹn.

Ẹ fi ọwọ́ kọ́ wọn. Ọwọ́ nísàlẹ̀ fún dò, ní àyà fún re, lókè orí fún mí. Kí wọ́n fi ọwọ́ pe igbá, kí wọ́n fi ọwọ́ pe ìgbà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi àmì tó bá ọwọ́ wọn mu sórí lẹ́tà. Ìlànà kan wà tí yóò ran yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń máàkì: ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gba mí lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ yẹn. Tí ọmọ bá kọ "ílé", ẹ má kàn fi pupa fà á. Ẹ ní kó kùn ún. Etí rẹ̀ á tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọn ibi kọ́lọ́fín

Àwọn kọ́ńsónáǹtì yòókù á máa wọlé ní mẹ́ta-mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fẹ́ sùúrù.

Lẹ́tà kan ni gb. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kan, ẹ má ya g àti b rẹ̀. P Yorùbá pẹ̀lú kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì: nínú apá, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kó má ba à rú u lójú ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni n ń ṣe. Nínú ná, kọ́ńsónáǹtì ni. Nínú ẹran, kò ní ìró tirẹ̀; ó kàn ń sọ fún wa pé ká gba imú pe a ni. Nínú "ó ń lọ", sílébù ni. Ẹ lo páálí àwọ̀ mẹ́ta fún un.

An àti ọn sì ń da àwọn olùkọ́ pàápàá láàmú, nítorí ìró kan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Ọn là ń kọ lẹ́yìn ìró tí ètè ń pè: ìbọn, fọ́n, àgbọn, pọ́n, wọ́n. An là ń kọ lẹ́yìn àwọn yòókù: itan, ẹran, ọ̀kan, dán. Ahọ́n kò tẹ̀ lé ìlànà yìí, ẹ kọ́ ọ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn m àti n, a kì í tún kọ n mọ́: ọmọ là ń kọ, inú là ń kọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìtàn láti ẹnu ọmọ

Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé lánàá?" Ọmọ kan á sọ pé, "Ewúrẹ́ jẹ iṣu ìyá mi." Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ kà á, kí ìka yín máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó ni ìtàn náà kà á. Ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ márààrún sórí páálí, ẹ dà wọ́n pọ̀, kí wọ́n tún un tò. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tò ó pé "Iṣu jẹ ewúrẹ́ ìyá mi", tí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, inú yín ni kó dùn: ìtumọ̀ ni wọ́n kà, wọn kò pe ìró lásán.

Ẹ má fi ìbéèrè sílẹ̀. Iṣu ta ni? Kí ló jẹ ẹ́? Kí lẹ rò pé ìyá ṣe fún ewúrẹ́ náà? Ìgbà yìí ni ìwé yóò wá wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ní Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, ẹ gbé e jáde.

Bí ìwé inú ilé bá ti pẹ́, ọmọ lè rí "aiye" níbi tí olùkọ́ kọ "ayé", àti "enia" níbi tó kọ "ènìyàn". Ẹ ṣàlàyé fún un. Láti ayé Samuel Àjàyí Crowther ni a ti ń tún àkọtọ́ Yorùbá ṣe. Ìpàdé kan wáyé lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí à ń lò ní ilé-ìwé ní 1974. Ìdí nìyẹn tí pátákó ojú títì fi ń kọ Oshogbo, tí ìwé ọmọ sì ń kọ Òṣogbo.

Ìgbésẹ̀ 7: Kíkọ

Kíkà àti kíkọ jọ ń rìn ni. Sílébù tí wọ́n kà láàárọ̀ ni kí wọ́n fi ìka kọ sínú iyanrìn lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ńsù. Orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ pẹ̀lú gbogbo àmì. Bí ó bá yá, ẹ ṣe àpèkọ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójoojúmọ́: ẹ pè é ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sílébù rẹ̀, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n tó kọ ọ́.

Bí òbí bá bi yín léèrè Gẹ̀ẹ́sì

Òbí á wá bá yín pé Yorùbá yìí kò ní jẹ́ kí ọmọ òun mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé àmì orí ìwé dúró fún ìró, pé ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀, kò tún ní kọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n

Ẹ má yẹ̀ wọ́n wò lápapọ̀. Ohùn ogójì ọmọ lè bo ogún tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fún un ní sílébù tí kò ní ìtumọ̀, bíi "lèku" tàbí "tọ́bẹ". Tó bá kà á, ó mọ sílébù. Tó bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó mọ̀, ìméfò ló ń ṣe, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3. Tó bá pe lẹ́tà bó ṣe yẹ ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ lọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4. Tó bá kà á já geere, tí kò lè sọ ohun tó kà, ìgbésẹ̀ 6 ni oògùn rẹ̀.

Nígbà tí sáà bá ń parí, ẹ kọ gbólóhùn kan sórí bébà kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ti ẹnì kan má jọ ti ẹlòmíràn: "Lọ mú ṣọ́ọ̀kì wá láti orí tábìlì mi." "Ṣí fèrèsé kejì." Ẹ fi lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má sọ ohunkóhun. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á fún un rí, kò sí orin tó lè bá a débẹ̀. Tó bá wò ó, tó dìde, tó lọ ṣí fèrèsé, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà síwájú orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n kà nìyẹn.