Àwọ̀ Ara àti Ohùn Orin: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Àwo Jáàsì Àkọ́kọ́ tí Dúdú àti Funfun Jọ Ṣe ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ní ti àwo orin, etí lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò rí àwọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àǹfààní yìí ló jẹ́ kí olórin dúdú àti funfun jọ ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kí ó tó ṣeé ṣe fún wọn ní gbangba.

Ipò Àwùjọ
Ní ọdún 1896, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Plessy pé yíya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun kò lòdì sí òfin. Ìyapa yìí wọ ilé ijó àti ilé eré. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olórin pàápàá pín sí ẹ̀ka méjì.

Àwọn Àpẹẹrẹ
(i) Ní oṣù Keje ọdún 1923, Jelly Roll Morton, ọmọ Creole tí àwùjọ kà sí aláwọ̀ dúdú, tẹ dùùrù pẹ̀lú New Orleans Rhythm Kings, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun, ní ilé-iṣẹ́ Gennett ní Richmond, ìpínlẹ̀ Indiana. Ìpínlẹ̀ yìí gan-an ni Ku Klux Klan ti lágbára nígbà náà.

(ii) Láàrin ọdún 1928 sí 1929, Lonnie Johnson, aláwọ̀ dúdú, àti Eddie Lang, aláwọ̀ funfun, jọ ta gìtá fún ilé-iṣẹ́ Okeh. Ọ̀wọ́ àwo tí wọ́n ń tà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ni iṣẹ́ wọn wà. Nítorí náà, wọ́n pe Lang ní Blind Willie Dunn, èyí tí ó túmọ̀ sí Willie Dunn Afọ́jú. Bẹ́ẹ̀, ojú Lang là kedere. Àwùjọ ni kò fẹ́ rí i.

(iii) Ní ọdún 1935, Benny Goodman, afunfèrè aláwọ̀ funfun, ṣe àwo pẹ̀lú Teddy Wilson, atẹdùùrù aláwọ̀ dúdú, àti Gene Krupa, onílù aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1936, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeré lójú èrò ní Chicago. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 1938, dúdú àti funfun jọ gun orí ìtàgé Carnegie Hall ní New York.

Àgbálọgbábọ̀
Láti ọdún 1923 sí 1936 jẹ́ ọdún mẹ́tàlá. Àwo orin ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹni tí a gba ohùn rẹ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, a kò tíì gbà á tán. Ọjọ́ tí Wilson jókòó sídìí dùùrù lójú gbogbo èrò, tòun torúkọ rẹ̀, ni ojú àti etí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò.